Ẹ̀wù Gbígbó, Owó Gidi: Gbàǹjo Orí Fóònù Dé Mọ́kọ́lá

Gbàǹjo kì í ṣe àjèjì ní Ìbàdàn. Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé ni àwọn àgbà ti mọ̀ ọ́n: ilé ẹjọ́ á gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù onígbèsè, oní-gbàǹjo á gbé agogo dání, á máa pe iye, ẹni tí owó rẹ̀ bá borí ni yóò gbé àga tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ relé. Lásìkò tiwa yìí, fóònù ti gba agogo lọ́wọ́ oní-gbàǹjo, ọjà tí wọ́n ń lù náà sì ti yí padà. Ẹ̀wù tí-ṣẹ́ẹ̀tì tó ti ṣá, tí ọrùn rẹ̀ ti dẹ̀, tí àwòrán àyà rẹ̀ ti ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀, ni àwọn èèyàn ń figagbága lé lórí báyìí.

Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ní oṣù kẹwàá 2021, ilé gbàǹjo Sotheby's lu ẹ̀wù aláwọ̀ òfeefèé kan tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ olórin Grateful Dead, èyí tí wọ́n ṣe ní 1967. Dọ́là 17,640 ló lọ. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìyẹn, lórí eBay, ẹ̀wù kan tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìtàgé nígbà tí Led Zeppelin ṣeré ní Knebworth, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1979, ti gba dọ́là 10,000. Ẹ̀wù òwú ni méjèèjì. Kò sí wúrà lára wọn, kò sí ìlẹ̀kẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí télọ̀ tó lè gba owó gọbọi láti rán irú rẹ̀ kó má tijú. Ohun tó sọ wọ́n di olówó ni pé wọn ò pọ̀ mọ́, àti pé àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà tí wọ́n ṣe wọ́n ti di àgbà olówó tó fẹ́ ra ìgbà èwe ara wọn padà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí tún wá tò sí, àwọn tí a kò tíì bí nígbà náà, tí wọ́n kàn fẹ́ wọ ohun tí ojúgbà wọn kò ní.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pierre Omidyar ló dá eBay sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹsàn-án 1995. AuctionWeb ló kọ́kọ́ pè é. Nǹkan àkọ́kọ́ tó tà níbẹ̀ ni iná àfitọ́ka kékeré kan tó ti bàjẹ́, dọ́là 14 àti sẹ́ǹtì 83 ló sì gbà. Omidyar bi ẹni tó rà á bóyá ó mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Onítọ̀hún ní òun mọ̀, pé àwọn tó ti bàjẹ́ gan-an lòun ń kó jọ. Nínú ìdáhùn yẹn ni gbogbo òwò ẹ̀wù àtijọ́ wà: kò sí ohun tí kò ní oníbàárà tirẹ̀ láyé, wàhálà ibẹ̀ ni bí ọjà àti oníbàárà yóò ṣe rí ara wọn.

Bí gbàǹjo eBay ṣe ń lọ kò le. Ká ní ẹnìkan gbé ẹ̀wù síbẹ̀ láti dọ́là 10, tí ẹ sì ti gbà lọ́kàn yín pé ẹ ò ní san ju 40 lọ. 40 yẹn ni ẹ óò kọ sílẹ̀, ẹlòmíràn kò ní rí i. Ẹ̀rọ ni yóò máa bá yín fi díẹ̀díẹ̀ lé e. Bí ẹnìkejì yín kò bá kọjá 20, owó tó fi díẹ̀ ju 20 lọ ni ẹ óò san. Àwọn ògbólógbòó kì í tilẹ̀ fọhùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á dákẹ́ títí yóò fi ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí gbàǹjo parí, wọ́n á wá já wọlé lójijì kí ẹnikẹ́ni má ráyè dáhùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bínú sí wọn. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti kọ iye tó lágbára rẹ̀ sílẹ̀ kò ní ìdí láti bínú bí ẹlòmíràn bá san jù bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá kan Mọ́kọ́lá, àdúgbò Ìbàdàn, nínú èyí? Ó kàn án gan-an. Láti abẹ́ afárá tí ìjọba gómìnà àtijọ́ Abíọ́lá Ajímọ̀bí kọ́, gba ọ̀nà Sábó, títí dé inú ọjà, títí lọ sí Dùgbẹ̀ àti Ògúnpa, òkìtì òkìrìkà, aṣọ àlòkù, ni ẹ óò máa bá pàdé. Àwọn kan ń pè é ní bósìkọ́nà, àwọn kan ní bẹ̀ǹdì-dáùn. Inú òkìtì yẹn ni àwọn ẹ̀wù tí ará Amẹ́ríkà ń wá lórí eBay wà, wọ́n ká pọ̀ mọ́ aṣọ ìbora àti ṣòkòtò ọmọdé.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ jìn. Ará ìlú Òyìnbó á kó aṣọ tí kò fẹ́ mọ́ fún àwọn ilé àánú. Ilé àánú á ta díẹ̀ nínú rẹ̀, á sì ta ìyókù ní ìwọ̀n kílò fún àwọn tó ń ṣà á, tí wọ́n ń dì í ní béèlì. Béèlì tó wúwo tó kílò 55 wọ́pọ̀. Ọkọ̀ ojú omi á gbé e dé Kútọnù, níbi tí ọjà Missèbo ti ń gbà á, nítorí pé ní Nàìjíríà tiwa, aṣọ àlòkù wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ní kí ẹnikẹ́ni má kó wọlé. Òfin yẹn wà síbẹ̀, aṣọ náà sì ń wọlé síbẹ̀. Fàyàwọ́ ló ń gbé e la ẹnubodè, tí ó fi ń dé Katangówà l'Ékòó, kí ó tó dé Ìbàdàn. Nígbà tí ìjọba Buhari ti ẹnubodè pa láti oṣù kẹjọ 2019 di oṣù kejìlá 2020, béèlì wọ́n, ṣùgbọ́n kò tán lọ́jà. Ohun tó dun oníṣòwò jù ìyẹn lọ ni bí náírà ṣe já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà 2023, torí owó òkèèrè ni wọ́n fi ń díye lé béèlì. Wọ́n sọ pé nítorí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ wa ni òfin tó ní kí aṣọ àlòkù má wọlé ṣe wà. Ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL ní Kàdúná, tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́, ti ilẹ̀kùn ní 2007, òfin tòun ti bó ṣe wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyẹn gùn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ẹni tó ń ṣí béèlì ní ojú tó fi ń wo aṣọ. Ó mọ gírédì. Ó mọ èyí tí kò lábàwọ́n, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì ta yọ, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ọ̀pọ̀ èèyàn mu. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ ṣà kí àwọn yòókù tó débẹ̀ á san owó fọ́ọ̀sì sẹ̀lẹ́ṣọ̀n, èyí tó wọ́n ju ti gbogbo ayé lọ. Nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ohun tó kù nílẹ̀ ni wọ́n ń pariwo pé kí ẹ wá mú ní iye owó kékeré kan. Ẹ̀wù ọlọ́dún ogójì, tó ti fẹ́lẹ́, tó ti ṣá, tí wọ́n kọ orúkọ ìlú kékeré kan ní Ohio sí lára, ìdí òkìtì yẹn ló máa ń wà. Bí ẹ bá mú un, màmá tó ń tajà gan-an lè bá yín jiyàn pé, "Ọmọ mi, fi ìyẹn sílẹ̀, ó ti gbó. Wo èyí tó dúdú mini yìí." Bí ẹ bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, bó ṣe rí yẹn ló wù mí," á wò yín lójú, á gba owó rẹ̀, á sì gbàdúrà fún yín.

Ìmọ̀ ló ya ẹ̀yin àti màmá sọ́tọ̀ níbẹ̀, ìmọ̀ yẹn sì ṣeé kọ́. Ìṣẹ́tí ni kí ẹ kọ́kọ́ yí sókè. Bí ẹ bá rí ipa okùn kan ṣoṣo yí etí apá àti ìsàlẹ̀ ẹ̀wù ká, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ọdún 1980 sí àárín àwọn ọdún 1990; lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ti fi ẹ̀rọ olókùn méjì rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rí tó pé o, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ kan níbòmíràn kò yí padà kíákíá, àwọn míì sì ti ń fi okùn méjì rán tipẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́tí, lébẹ́ẹ̀lì ọrùn ló kàn. Screen Stars, tí Fruit of the Loom ń ṣe, ni lébẹ́ẹ̀lì tí àwọn tó ń kó ẹ̀wù ọdún 1980 sí 1989 jọ fẹ́ràn jù. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá sọ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rán an, ẹ tún wò ó dáadáa, nítorí lẹ́yìn tí àdéhùn òwò láàárín Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1994, púpọ̀ nínú iṣẹ́ rírán náà kó lọ sí Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká. Bí àlàyé bí a ṣe ń fọ aṣọ bá wà lára lébẹ́ẹ̀lì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti 1972 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ọdún yẹn ni òfin Amẹ́ríkà sọ pé dandan ni kó wà níbẹ̀.

Ọdún tí wọ́n kọ sí abẹ́ àwòrán àyà ló máa ń tan àwọn ọ̀gbẹ̀rì jẹ. Ọdún tí ẹnìkan gba ẹ̀tọ́ lórí àwòrán náà ni, kì í ṣe ọdún tí wọ́n tẹ ẹ̀wù. Ẹ̀wù tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún tó kọjá lè gbé 1987 sáyà láìparọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí abẹ́ àwòrán bá sọ 1987, tí lébẹ́ẹ̀lì sọ ohun mìíràn, lébẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ gbà gbọ́. Àfi bí wọ́n bá ti tú lébẹ́ẹ̀lì náà kúrò lára ẹ̀wù mìíràn, tí wọ́n rán an mọ́ èyí. Àwọn onímàgòmágó ń ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa: wọ́n á ra ẹ̀wù àtijọ́ tí kò ní àwòrán kankan, tí lébẹ́ẹ̀lì àti ìṣẹ́tí rẹ̀ jẹ́ ojúlówó, wọ́n á wá tẹ orúkọ olórin tó lókìkí sí i láyà, wọ́n á fọ̀ ọ́ léraléra títí yóò fi ṣá. Ẹni tí kò bá fojú rí bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe ń fi ọ̀dà sára òwú rí kò lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Mọ́kọ́lá kò kúkú ṣaláìní àwọn tó ń tẹ àwòrán sára ẹ̀wù fún ìpàdé ìjọ, òkú àgbà àti ìbò. Bí ẹ bá bọ̀wọ̀ fún wọn, tí ẹ fi ẹ̀wù hàn wọ́n, wọ́n á sọ fún yín bóyá ọ̀dà yìí ti pẹ́ tàbí àná ló gbẹ.

Àwọn ẹ̀wù kan wà tí àṣìṣe ló sọ wọ́n di iyebíye. Kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá bọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà (American football) tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti máa ń tẹ ẹ̀wù ìṣẹ́gun fún ẹgbẹ́ méjèèjì, nítorí wọ́n fẹ́ kí ẹ̀wù wà nílẹ̀ bí fèrè bá ti fọn. Ti ẹgbẹ́ tó pàdánù kì í dé ọjà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àjọ World Vision ló ń kó wọn lọ fún àwọn aláìní ní ilẹ̀ òkèèrè. Ní 2011, lẹ́yìn tí Green Bay Packers na Pittsburgh Steelers ní 31 sí 25, ẹ̀wù tó sọ pé Steelers ló gba ife wà lára ohun tí wọ́n kó rán sí ilẹ̀ bíi Zambia. Awuyewuye ńlá ló dá sílẹ̀ nígbà náà, àwọn kan ní irú ọrẹ bẹ́ẹ̀ ń ba ọjà àwọn télọ̀ àti oníṣòwò ibẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá ń kó ẹ̀wù jọ lónìí á máa wá irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ kiri, torí pé ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ rí ló wà lára rẹ̀.

Kò yẹ kó yà yín lẹ́nu pé àwọn ẹlòmíràn ti ń fi òkìtì Áfíríkà jẹun. Amah Ayivi, ọmọ Tógò tó fi Páríìsì ṣe ibùgbé, ni àpẹẹrẹ tó lókìkí jù. Ó máa ń padà sí ọjà Hédzranawoé ní Lómé láti ṣa aṣọ àtijọ́ nínú béèlì, á sì kó o padà sí Páríìsì, níbi tó ti ń tà á lábẹ́ orúkọ Marché Noir. Aṣọ tí Yúróòpù dà nù ló ń gbé padà tà fún Yúróòpù. Ohun tó fi kún un ni ojú tó fi ṣà á.

Irú Ayivi mélòó ló wà ní Ìbàdàn? Ojú náà wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tó ń gbé ní Àgbowó àti ti Pólì ní ìtòsí Sángo mọ àmì ẹ̀wù ju bí àwọn olùkọ́ wọn ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ojú ọ̀nà owó ló ti ń jẹ́ ìṣòro. Nígbà tí PayPal ṣí ilẹ̀kùn fún Nàìjíríà ní 2014, ó gba àwa láàyè láti sanwó fún ará òkèèrè, ṣùgbọ́n kò gbà kí ará òkèèrè sanwó fún wa, bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nígbà náà fún ọmọ tó rí ẹ̀wù dọ́là 80 ní Ògúnpa: ó lè rà lórí eBay, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún un láti gba owó ohun tó bá tà. Wọ́n á ní jìbìtì tí àwọn kan lára wa ti lù ló fà á. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ẹ̀wù ní Mọ́kọ́lá kọ́ ló lu jìbìtì náà, òun ló sì ń san gbèsè rẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn kan dá ni pé kí wọ́n fi ẹ̀wù rán ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó wà ní Peckham tàbí ní Houston, kí onítọ̀hún lù ú ní gbàǹjo lọ́hùn-ún, kí wọ́n pín owó. Ó dára bí ẹ̀gbọ́n bá ráyè lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ òru kì í sábà ráyè.

Ìdí nìyí tí gbàǹjo tiwa fi bọ́ sórí WhatsApp àti Instagram. Oníṣòwò á gbé fọ́tò síta ní ìrọ̀lẹ́: iwájú, ẹ̀yìn, lébẹ́ẹ̀lì, ìṣẹ́tí, ihò tó bá wà. Á ní ó bẹ̀rẹ̀ láti ₦3,000, kí ẹni tó bá fẹ́ fi ₦500 lé e, ó parí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Àwọn èèyàn á máa kọ iye sábẹ́ rẹ̀. Bí aago bá lù, ẹni tó borí á sanwó, àlẹ́ẹ̀tì á wọlé, ọlọ́kadà á gbé ẹrù lọ sí Bódìjà tàbí Ring Road, tàbí kí wọ́n fi wéébíìlì rán an láti gáréèjì Ìwó Road sí ìlú mìíràn. Ó rọrùn, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí eBay fi ẹ̀rọ àti òfin ṣọ́, ojú àti etí nìkan ló ń ṣọ́ ọ níbí. Ẹnìkan á borí, ilẹ̀ á mọ́, á ní òun ń ṣeré ni. Ẹlòmíràn á fi àlẹ́ẹ̀tì èké ránṣẹ́. Oníṣòwò náà lè ní agbódegbà tó ń fi owó lé e lẹ́yìn yín, tí kò ní i lọ́kàn láti ra nǹkan kan.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo kórìíra jù. Ẹni tó kọ̀ láti sanwó, ẹ lè yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ kí ẹ pe ẹni tó tẹ̀ lé e. Agbódegbà ń jalè lójú gbogbo èèyàn, kò sì sí ẹni tó máa mú un. Oníṣòwò tó bá fẹ́ pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí yóò sọ ihò kó tó sọ àwòrán, yóò fi tẹ́ẹ̀pù wọn àyà ẹ̀wù láti abíyá sí abíyá, nítorí ìwọ̀n ńlá ti 1985 lè má tó ìwọ̀n ńlá ti òde òní. Yóò sì sọ pé òun kò mọ ọdún rẹ̀ nígbà tí kò bá mọ̀ ọ́n.

Kí wá ni ti màmá tó ta ẹ̀wù náà ní owó kékeré yẹn? Àwọn kan ní kò sí ohun tó burú, pé ìmọ̀ ni èrè. Òótọ́ ni, ní ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń padà sí ìsọ̀ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń ṣe bí ẹni pé àkísà ló ń rà, ìwà rẹ̀ kò dára tó. Ẹ sọ fún màmá pé kó máa ya irú wọn sọ́tọ̀ fún yín, kí ẹ sì fi nǹkan kún owó rẹ̀. Ẹ óò rí i pé òun gan-an ni yóò máa pè yín kí béèlì tó tú tán.

Ìbéèrè kan ṣì wà tí mi ò gbọ́ kí àwọn tó ń ṣe òwò yìí béèrè. Grateful Dead ti ará Amẹ́ríkà ni, tí wọ́n bá tà á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún dọ́là, ó dára fún wọn. Tiwa dà? Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní di ọjọ́ 12 oṣù kejì 1977, àwọn ènìyàn dúdú láti káàkiri ayé péjọ sí Èkó àti Kàdúná fún FESTAC, ìbòjú Ìyá Ọba Ìdíà sì ni àmì rẹ̀. Ní 1976, IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn yìí gba ife àwọn agbaife Áfíríkà níwájú Tonnerre ti Yaoundé. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1994, Ràṣídì Yẹkínì, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars nígbà kan, gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú ife àgbáyé wọlé Bulgaria. Ní 1993, ìlú kún fún ìpolongo Hope '93 ti M.K.O. Abíọ́lá. Àwọn èèyàn wọ ẹ̀wù fún gbogbo èyí, bóyá ti ìpolongo, bóyá ti eléré ìdárayá, bóyá ti ẹgbẹ́. Ibo ni wọ́n wà?

Púpọ̀ nínú wọn ti di àkísà ìnu ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ọjà rẹ̀ ò jìnnà. Nígbà tí Nike gbé ẹ̀wù Super Eagles tuntun jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2018, ẹ̀wù tó fara jọ ti 1994 náà, èèyàn tò sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ yẹn ló sì tán. Bí àfarawé bá lè fa irú èrò bẹ́ẹ̀, ẹ rò ó wò bí ti 1994 gan-an, tó ní lébẹ́ẹ̀lì adidas tó péye, yóò ṣe rí lórí gbàǹjo. Àwọn tó ń wá a kì í ṣe Òyìnbó nìkan. Ọmọ wa tí wọ́n bí ní Manchester, tí bàbá rẹ̀ ti Ìbàdàn lọ, ló ń wá a jù.

Nítorí náà, kí ẹ tó lọ ra béèlì, ẹ ṣí àpótí tó wà lábẹ́ ibùsùn bàbá yín. Bí ẹ bá rí ẹ̀wù tó ní ọdún, orúkọ ẹgbẹ́ tàbí àwòrán olóṣèlú lára, ẹ bi bàbá léèrè ibi tó ti wọ̀ ọ́, ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú lébẹ́ẹ̀lì. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ sá a sí ibòji, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kan àwòrán rẹ̀. Bóyá ẹ óò tà á tàbí ẹ ò ní tà á, ìyẹn kù sọ́wọ́ yín. Ẹ ṣáà má fún mẹkáníìkì.